Ẹ Ya Máàpù Ilẹ̀ Abúlé Yín Kí Wọ́n Tó Gé E Sí Púlọ́ọ̀tì

Ibi tí omi ń gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ abúlé tí ìlú ńlá ń ràn dé ọ̀dọ̀ wọn ló ń fi púlọ́ọ̀tì ṣáájú. Tí òjò bá wá dé, àkùrọ̀ tí wọ́n tà a máa bá onílé dé inú yàrá.

Ẹ má pe Baálẹ̀ àti àwọn olórí ẹbí nìkan sípàdé. Ẹ pe àwọn obìnrin tó ń pọn omi, àwọn ọdẹ, àti àgbẹ̀ àtìpó tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. (Àtìpó ló sábà máa ń mọ ilẹ̀ tó ti ṣá.) Ẹ fi eérú ya odò, ọ̀nà àti oko sórí ilẹ̀ gbalasa, kí kálukú tún un ṣe títí ẹnu á fi kò, kí ẹ tó dà á kọ sórí bébà. Bí sẹ̀ǹtímítà 1 bá dúró fún mítà 50, bébà tó gùn ní mítà 1 á gba kìlómítà 5.

Oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ rin ààlà. Bí ẹ bá rìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àkùrọ̀ á jọ ilẹ̀ ilé. Ẹbí méjèèjì tó bára wọn pààlà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. GPS fóònù, tó ń fi ibi tí èèyàn dúró sí hàn, lè fi bíi mítà 5 ṣì ní gbangba, á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ igi. Níbi tí GPS àti pèrègún ààlà àtijọ́ bá ti yàtọ̀, pèrègún ni kí ẹ tẹ̀lé. Ibi tí ìjà bá wà, ẹ fi bírò pupa yí i ká, ẹ má dájọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan pípín. Ẹ kọ́kọ́ yọ etí odò àti àkùrọ̀ sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà igbó orò, oko àti ọ̀nà màlúù. Èyí tó kù ni ti ilé. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30, kó sì wà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ti kànga lọ.

Lójú ìṣirò, éékà 1 gba púlọ́ọ̀tì 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100. Tí ẹ bá yọ ọ̀nà àti gọ́tà, 6 ló kù. Ẹni tó bá ta 8 ti ta ọ̀nà mọ́ ọn.

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà àdéhùn abúlé nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo olórí ẹbí fọwọ́ sí ẹ̀dà máàpù náà 3: ọ̀kan fún Baálẹ̀, ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀, ìkẹta lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ á ti rí i kó tó sanwó.