Àtíbàbà ọparun fún ọgbà ilé ìwé: ẹ ṣe é tán kẹ́ ẹ tó gbé e débẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ o. Àtíbàbà ọparun àkọ́kọ́ tá a ṣe fún ilé ìwé kan, kò pé ọdún kan tó fi di ìyẹ̀fun. Àwọn ọmọ á jókòó sábẹ́ ẹ̀ máa jẹun ọ̀sán, nǹkan kan á máa já bọ́ sórí ìrẹsì wọn bí ẹlùbọ́, gbogbo wa rò pé eruku ni, àṣé kòkòrò ti jẹ inú ọparun tán, ó ku awọ. Ẹjọ́ ọparun kọ́, ẹjọ́ wa ni. A gé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tó fi máa di Fúráìdé a ti kàn án ní ìṣó.

Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 4, fúréèmù 3, ìyẹn òpó àti igi òrùlé tí wọ́n ti tò pọ̀, ló gbé e dúró, mítà 3 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọ̀dọ̀ káfíńtà lẹ ti máa ṣe gbogbo ẹ̀, ọgbà ilé ìwé á kàn rí bóòtù àti sípánà ni, ayùn ò ní débẹ̀, torí ẹ mọ àwọn ọmọ, ibi tí wọ́n bá ti rí irinṣẹ́ ni wọ́n ń sáré lọ. Ẹ wá ọparun bíi 40, kẹ́ ẹ sì fi àwòrán yín han ẹnjiníà kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àdá, ọmọ ọlọ́mọ ló máa jókòó sábẹ́ ẹ̀.

Ọparun tó pọ̀ nílẹ̀ wa, èyí tí wọ́n fi ń ti dẹ́kì, sítáàṣì pọ̀ nínú ẹ̀, ohun tí kòkòrò sì ń wá nìyẹn. Èyí tó ti tó ọdún 3 sí 5 ni kẹ́ ẹ gé. Ẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n: awọ ẹ̀ ò dán mọ́, èèpo ti bọ́ lára ẹ̀ tán, ara ẹ̀ ti ní àbàwọ́n funfun-funfun, tẹ́ ẹ bá sì fi ẹ̀yìn àdá gbá a, á dún ko bí igi gbígbẹ. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ gé e, kí ọmọ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ gé e lórí oríkèé kìíní tàbí ìkejì látilẹ̀ gẹ́lẹ́, kí kùkùté má bàa di ife tómi á máa gbé sí, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìdí ọparun jẹrà.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Ẹ gé wọn sí gígùn tẹ́ ẹ máa lò, ẹ wá fi irin rọ́ọ̀dù gígùn gún oríkèé inú wọn já látòkè délẹ̀, torí tómi ò bá ráyè wọnú, ìta nìkan lẹ tọ́jú. Ẹ gbẹ́ kòtò gígùn, ẹ tẹ́ tapólì sí i, ẹ rọ omi sí i. Nínú lítà omi 100, kílò 3 borax àti kílò 2 boric acid, ìyẹn oògùn oníyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ọparun, ẹ̀ẹ́ rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó kó lè yòrò dáadáa. Ẹ ri ọparun sínú ẹ̀, ẹ fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ torí ó máa fẹ́ léfòó, ọ̀sẹ̀ 2 ni kó fi wà níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ ewúrẹ́ àti ọmọdé, ẹ má sì da omi ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Green School, ilé ìwé kan tó wà ní Bali lórílẹ̀-èdè Indonesia, tí wọ́n ṣí ní 2008, ọparun ni wọ́n fi kọ́ ọ, irú oògùn yìí náà ni wọ́n sì ń lò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan sọ fún yín pé epo dísù nìkan ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ tò ó síbòòji, kì í ṣe sóòrùn, oòrùn á là á. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ máa yí i padà. Mo mọ̀ pé ó ń súni.

Tó bá ti gbẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya fúréèmù kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe máa tóbi gan-an, ẹ kan pákó kéékèèké mọ́ etí ìlà yẹn, orí ẹ̀ lẹ ti máa to gbogbo fúréèmù 3, kí wọ́n lè dọ́gba bí ìbejì. Òpó jẹ́ ọparun 2 tí wọ́n so pọ̀, mítà 2.4, igi òrùlé mítà 3.5. Ẹ gbẹ́ ẹnu igi tó máa gbé orí òmíràn bí ẹnu ẹja kó lè jókòó dáadáa. Ìṣó ò wọ̀ ọ́ o, ó máa là ni, ẹ fi dírììlì lu ihò, ẹ ti bóòtù onímílímítà 12 bọ̀ ọ́ pẹ̀lú wáṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé. Inú ọparun níbi tí bóòtù gbà kọjá, ẹ rọ sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 3 kún un, kí bóòtù má bàa fọ́ ọ. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára gbogbo ẹ̀.

Àwọn tó ń fi ọparun kọ́lé ní Colombia ní ọparun nílò fìlà tó dáa àti bàtà tó dáa. Bàtà ni kọnkéré tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 kúrò nílẹ̀, pẹ̀lú irin tó yọrí wọnú ìdí òpó, ọparun ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ikán ń dúró dè é. Fìlà ni páànù tó yọ síta mítà 1 yíká, torí òjò lè fọ oògùn yẹn kúrò. Ẹ da kọnkéré ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú.

Sátidé kan ti tó fún títò. Ọkùnrin 6 á gbé fúréèmù kan, ẹ gbé ti àárín kẹ́yìn, ẹ so àgbélébùú igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kẹ́ ẹ tó gun òkè lọ kan páànù, àìsí i ni ìjì oṣù kẹta fi ń gbé irú nǹkan báyìí lọ. Tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá ti fẹ́, ẹ padà lọ pẹ̀lú sípánà, ọparun á ti sún kì, gbogbo bóòtù á ti dẹ̀, ẹ fún wọn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i.