Bí A Ṣe Ń Kó Agbọ́n Afòmọ́ Tíńtín Ránṣẹ́ sí Àwọn Tí Yóò Ṣàpèjúwe Rẹ̀

Ìwé yìí wà fún àgbẹ̀ àti ará ilé tí a ti bẹ̀ pé kí wọ́n máa kó àwọn agbọ́n afòmọ́ tó ń jáde lára kòkòrò oko ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀. A kò ní kọ́ yín bí a ti ń wá kòkòrò lábẹ́ ewé, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló mú wa kọ ọ́: agbọ́n á dé ọwọ́ onímọ̀, apá rẹ̀ á pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á pé, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tó lè sọ ara kòkòrò wo ló ti jáde.

Agbọ́n tí à ń wí yìí kì í ta ènìyàn. Ọ̀pọ̀ wọn kò gùn ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, àwọn mìíràn kò sì tó ìdajì mìlímítà. Abo a máa yé ẹyin sínú kòkòrò, ìdin tó bá jáde nínú ẹyin náà a sì máa jẹ kòkòrò náà láti inú títí yóò fi kú. Ohun tí ẹ óò máa wá ni òkú kòkòrò tó wú, tó le, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, tí kò mira bí ẹ bá tọ́ ọ. Bí ihò roboto bá wà lára rẹ̀, agbọ́n ti lọ. Ẹ wá òmíràn.

Ẹ fi abẹ gé ewé náà yí kòkòrò ká, ẹ má ṣe fi èékánná họ ọ́. Kòkòrò kan ni kí ẹ fi sínú ìgò kékeré kan, kí ẹ fi òwú dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí agbọ́n bá jáde, ẹ jẹ́ kó lo wákàtí 24 kí apá rẹ̀ lè nà kó sì le, lẹ́yìn náà kí ẹ da mìlílítà 2 ẹ́tánọ́ọ̀lì ìdá 95 nínú 100 sí i. Ọtí mímu kò lágbára tó, fọ́málíìnì sì ń ba DNA jẹ́, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara tí a fi ń dá ẹ̀yà mọ̀. Ẹ má da èépá kòkòrò tó ti jáde nù. Inú ìgò kan náà ni kó wà. Láti orí igi kan náà, ẹ kó kòkòrò 5 sí 10 tí agbọ́n kò tíì bá jà sínú ìgò mìíràn tó ní nọ́ńbà kan náà.

Ẹni tó bá da agbọ́n ara kòkòrò mẹ́wàá pọ̀ sínú ìgò kan nítorí pé kò fẹ́ kọ ìwé àmì mẹ́wàá ti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣòfò, ó sì ti fi ti ẹlòmíràn ṣòfò pẹ̀lú.

Ẹ wo ìdí tó fi ṣe pàtàkì láti mọ kòkòrò tí agbọ́n ti jáde. Lẹ́yìn ọdún 1970 ni kòkòrò funfun kan, Phenacoccus manihoti, tó dà bí ẹni tí wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí lára, wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tó sì ń pa ẹ̀gẹ́ run. Àwọn onímọ̀ lọ wá agbọ́n tí yóò pa á, wọ́n rí kòkòrò tó jọ ọ́ ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó agbọ́n ara rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n agbọ́n náà kò gba kòkòrò ara ẹ̀gẹ́ Áfíríkà rárá. Ẹ̀yìn náà ló hàn pé ẹ̀yà mìíràn ni kòkòrò ọ̀hún, èyí tí a sọ ní Phenacoccus herreni lọ́dún 1981. Ọdún yẹn gan-an ni a rí ojúlówó Phenacoccus manihoti ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n Anagyrus lopezi tí a tú sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995.

Ìwé àmì gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò, kì í ṣe lára rẹ̀ níta. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ sórí ìwé tó nípọn, nítorí ẹ́tánọ́ọ̀lì a máa fọ báírò dànù. Ẹ kọ orúkọ igi, orúkọ kòkòrò, ibùdó bí fóònù ṣe fi hàn, ọjọ́ tí ẹ kó o, ọjọ́ tí agbọ́n jáde, àti orúkọ ẹni tó kó o.

Ẹ gbìyànjú kí abo tó 10, kí akọ tó 5. Onímọ̀ yóò to díẹ̀ sórí gíláàsì, yóò lo òmíràn fún DNA, yóò fi ìwo orí, apá àti ohun tí abo fi ń yé ẹyin wé ti àwọn tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀, yóò sì yan ẹyọ kan ṣoṣo, tí à ń pè ní holotype, láti gbé orúkọ tuntun náà dúró. Òfin ìsọlórúkọ ẹranko béèrè pé kó sọ ibi tí a fi ẹyọ náà pamọ́ sí.

Bí ìgò kan bá ti dàpọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kọ «ó dàpọ̀» sórí ìwé àmì rẹ̀, kí ẹ má ṣe méfò.