Bẹ́ ẹ ṣe lè dríbù bíi Steve Nash (ẹ má tíì gbá bọ́ọ̀lù yẹn mú!)

Ẹ̀yin póíǹtì gáàdì (àwọn tó ń darí eré nínú basketball) tí ò fi bẹ́ẹ̀ ga, tí ò lè fò, ẹ sún mọ́bí jàre, ọ̀rọ̀ yín ni mo bá wá. Tẹ́ ẹ bá wọ abẹ́ ríìmù, tẹ́ ẹ rí géńdé méjì níbẹ̀, kíá lẹ máa fọwọ́ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù mú, ẹ ó wá máa wò yàn-àn bí ẹni tó ṣìnà. Ó tán nìyẹn. Ẹ ò lè dríbù mọ́, wọ́n á kàn bò yín mọ́lẹ̀ ni.

Steve Nash, póíǹtì gáàdì tó ti gbá NBA (líìgì basketball Amẹ́ríkà) nígbà kan, kìí ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá wọlé lápá ọ̀tún tí ò sáyè, á máa dríbù ẹ̀ lọ ni, á gba abẹ́ ríìmù kọjá létí ìlà ẹ̀yìn, á yọ lápá òsì, á sì tún kọjú sí kóòtù, nígbà yẹn gbogbo ojú ti tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á ti ṣófo níbì kan, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni páàsì ń lọ. Johannesburg ni wọ́n bí i sí ní 1974, Canada ló dàgbà sí, bàbá ẹ̀ fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ jẹun, òun náà gbá a, mo sì gbà pé ibẹ̀ lojú yẹn ti wá. Kílọ́ọ̀bù Phoenix Suns mú un ní 1996, àwọn fáànù wọn hó lé e lórí, ó lọ Dallas, ó padà sí Phoenix ní 2004, ó wá gba MVP (àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ) ní 2005 àti 2006. Ẹ ò rí nǹkan!

Ó yá, iṣẹ́. Ẹ wá bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan. Nígbà tí Nash wà ní yunifásítì Santa Clara, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ló máa ń dríbù káàkiri ọgbà. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ nínú kọ́mpáǹdì wa, ọjọ́ àkọ́kọ́ ó kó sí gọ́tà lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn ọmọdé ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mi ò wolẹ̀ mọ́ tí mo bá ń dríbù bọ́ọ̀lù gidi.

Ó wá kan pick and roll (ẹnì kejì yín á dúró dí dífẹ́ńdà lọ́nà, á wá sáré lọ sábẹ́ ríìmù), ti Nash àti Amar'e Stoudemire tí wọ́n jọ wà ní Suns. Kóòṣì wọn, Mike D'Antoni, fẹ́ kí wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 7, ṣùgbọ́n ẹ wo Nash tó bá ti kọjá ara ẹni tó ń bá a dí ọ̀nà, ṣe ló máa rọra. Dífẹ́ńdà ẹ̀ á wà lẹ́yìn ẹ̀, Nash á fìdí dí i lọ́nà, á pọ̀n ọ́n bí ọmọ, kó má ráyè bọ́ síwájú mọ́. Géńdé tó wà níwájú ló kù. Tó bá jáde wá bá yín, ẹ páàsì sí ẹni tó ń sáré lọ sábẹ́ ríìmù, tó bá sẹ́yìn, ẹ ju bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ kan ni kẹ́ ẹ fi páàsì o, láti inú dríbù tààrà, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ méjèèjì kó o jọ, wọ́n ti mọ ibi tó ń lọ.

Free throw (bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń jù lẹ́yìn fáùlù) ńkọ́? Kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù fún un, á ti fi ọwọ́ òfìfo jù ú bíi ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta. Nínú 100, ó lé ní 90 tó ń wọlé fún un, gbogbo ìgbà tó fi gbá bọ́ọ̀lù. Ó tún máa ń fahọ́n lá ọwọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un o.

Nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn máa ń dùn ún gan-an, ilẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí létí kóòtù tí wọ́n bá ní kó sinmi, nítorí náà ẹ na ara kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ti dífẹ́ńsì sì rèé, ẹ wá ẹlòmíì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé kóòtù lọ́la, ẹ gbá a ní méjì sí méjì, ẹ fi òfin kan sí i: ẹni tó bá fọwọ́ méjèèjì di bọ́ọ̀lù mú lábẹ́ ríìmù láìjù ú, kó gbé e fún ẹgbẹ́ kejì.