Ewédú Tó Kọ̀ Tí Kò Hù: Ìdánwò Omi Gbígbóná fún Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọlọ́gbà

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń wá iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn lè fọwọ́ ṣe ní ìpàdé kan, ẹ mú irúgbìn ewédú. Èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọnú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fọ́n púpọ̀ tí díẹ̀ ń hù. Omi gbígbóná ló ń ṣí i. Kí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ má kọjá ìṣẹ́jú 15 o, erùpẹ̀ làwọn èèyàn wá fọwọ́ kàn.

Ẹ po ilẹ̀dú kóńgò 2, yanrìn odò kóńgò 1 àti ìgbẹ́ adìyẹ ìdajì kóńgò. Ìgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti jẹrà, torí tútù rẹ̀ máa ń jó ọ̀gbìn. Ẹ bu àpòpọ̀ yìí sínú abọ́ ike 3 tẹ́ ẹ ti lu nídìí, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà sára wọn kẹ́nikẹ́ni tó gbin nǹkan kan. Bí erùpẹ̀ bá ti bo irúgbìn, kò sẹ́ni tó máa rántí èwo ni èwo.

Ẹ ka irúgbìn 50 lọ́nà mẹ́ta. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ di ìkejì, kó má fún. Bí omi bá ti hó, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ rì í bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kẹ́ ẹ jù ú sómi tútù lójú ẹsẹ̀. Omi inú fúláàsì kò gbóná tó. Ẹ se ìkẹta fún ìṣẹ́jú 2 gbáko: ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni, kí ojú lè rí ohun tí àṣejù ń ṣe.

Ẹ sá wọn síbòji kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ gbìn wọ́n, kí erùpẹ̀ orí wọn má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìdérí ike omi tẹ́ ẹ fi ìṣó lu ni kẹ́ ẹ fi wọ́n omi. Omi korobá á gbá gbogbo irúgbìn jọ sí igun kan.

Lọ́jọ́ keje, ẹ ka èyí tó hù, kẹ́ ẹ sọ iye náà di ìlọ́po 2; iye tó ń hù nínú 100 nìyẹn. Bí ìkejì pàápàá kò bá hù dáadáa, irúgbìn náà ti lè gbó jù, omi gbígbóná kì í jí òkú. Èyí tó hù tán tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀, omi ló pọ̀ jù.

Fún ebè ilé, ẹ po ṣíbí irúgbìn 1 mọ́ ṣíbí yanrìn gbígbẹ 10 kó má baà fún pọ̀, kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ èèrà, wọ́n á kó o lọ. Èyí tẹ́ ẹ máa gbìn lọ́sẹ̀ yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ rì bọ omi gbígbóná.