Bí mo ṣe gbé mọ́tò mi sílẹ̀ kí n tó rìnrìn àjò, àti ohun tí “ẹ máa wọ́ọ̀mù ẹ̀” ti ná mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtirìnrìn àjò, tí ẹ sì ní mọ́tò tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ nínú ọgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé “ẹ ṣáà ní kí àbúrò yín máa wọ́ọ̀mù ẹ̀ ní gbogbo Sátidé”. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbówó lápò mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló lọ sí Ìlú Ọba, ó fi Corolla ẹ̀ sílẹ̀ fún wa n’Íbàdàn, mẹkáníìkì tó ti ń bá a ṣe é látọjọ́ pípẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé kò séwu, pé ká ṣáà máa sítáàtì ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ara ẹ̀ á máa yá. Àbúrò wa sì ṣe bẹ́ẹ̀ o, kò pa á jẹ rí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá ń bọ̀ wálé ọdún, tí mo ní kí n gbé mọ́tò náà jáde kí n fi lọ pàdé ẹ̀, bátìrì ti kú pátápátá, fúẹ̀lì pọ́ǹpù ò dún, eku ti gé wáyà lára ẹ́ńjìnnì, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ò yí rárá torí bíréèkì ti há mọ́ ọn. Sàléǹsà ti dípẹtà látinú, ìgbà tí wọ́n jàjà sítáàtì ẹ̀ tán ló ń dún gbàgbàgbà káàkiri àdúgbò.

Ta ló sanwó? Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní “bá mi fowó sí i ná, màá dá a padà”, ta ló wá fẹ́ máa dúró tì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí á máa béèrè owó? Bátìrì nìkan, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà, ká má tíì sọ ti rewáyà tó fi odidi ọjọ́ wá ibi tí eku ti gé wáyà. Ẹni tó ní ká máa wọ́ọ̀mù ẹ̀ yìí náà ló tún ṣe é, ó sì gbowó ẹ̀ pé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé sítáàtì ẹyọ kan máa ń fa iná púpọ̀ lára bátìrì, ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ́ńjìnnì fi dúró lójú kan ò lè dá gbogbo ẹ̀ padà, pàápàá tí ẹni tó ń wọ́ọ̀mù ẹ̀ bá tún tan rédíò àti AC. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún fà á, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ nìyẹn. Epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì sì máa ń mú omi jáde. Tí mọ́tò bá rìn dáadáa, ooru á gbé omi yẹn gba sàléǹsà lọ, ṣùgbọ́n tí kò bá tíì gbóná tí wọ́n ti pa á, inú sàléǹsà lomi yẹn máa dúró sí, díẹ̀ nínú ẹ̀ á tún bá ọ́ìlì lọ, epo tí kò jó tán náà á tẹ̀ lé e. Ó dà bíi pé ẹ ń tọ́jú mọ́tò, àmọ́ ẹ̀ ń bà á jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Nígbà tó wá kan èmi náà, tí fíṣà jáde, tí mo mọ̀ pé ó máa tó bí ọdún kan kí n tó padà wálé, mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Corolla 2006 lèmi náà ń wà, mo fẹ́ràn ẹ̀, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun.

Fífọ mọ́tò, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ gbá gbogbo èérún oúnjẹ kúrò nídìí síìtì, kí ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì jáde sóòrùn. Èpà àti gúgúrú tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dà sábẹ́ síìtì ẹ̀yìn tó ohun tí eku á fi sọ ibẹ̀ dilé.

Ibi tí wàhálà wà ni ọ́ìlì. Mo fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì kí n tó gbé e sílẹ̀, torí ọ́ìlì tó ti dúdú, ásíìdì àti omi ti wọnú ẹ̀, tó bá wà nínú ẹ́ńjìnnì fún ọdún kan gbáko, irin ni á máa jẹ. Iṣẹ́ tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni o. Mo ra gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin, torí lítà 3.7 ló ń gbà tí wọ́n bá fi fíítà tuntun sí i, mo gbé e lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó wọ abẹ́ mọ́tò fi sípánà 14 sí nọ́ọ̀tù ìdí pánù ọ́ìlì, èyí tí wọ́n máa ń tú kí ọ́ìlì àtijọ́ lè dà sílẹ̀. Sípánà yọ̀. Ó tún un fi sí i, ó tún yọ̀. Mo ní kó kúrò níbẹ̀ ná, mo dùbúlẹ̀ sórí páálí, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Nọ́ọ̀tù tó yẹ kó ní igun mẹ́fà ti di róbótó, orí ẹ̀ ń dán bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ojú ibi tí eyín sípánà ti há a wà lára ẹ̀ yíká.

Inú bí mi gan-an. Ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò yìí gbẹ̀yìn ti fi ṣífítìn sípánà dè é, ó fi gbogbo agbára ẹ̀ dè é, ó rí i pé orí ẹ̀ ti jẹ, ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó gbowó, kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé bí àwọn bá ṣe dè é le tó ni ọ́ìlì ò ṣe ní jò. Wáṣà pẹlẹbẹ tó wà nídìí ẹ̀ ló ń dí ọ́ìlì, kì í ṣe agbára, wáṣà yẹn ló sì yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀, wọn kì í pààrọ̀ ẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbá a.” Mo ní rárá, torí tí ṣísẹ́ẹ̀lì bá yà á báyìí, ojú okùn tó wà nínú pánù náà, níbi tí nọ́ọ̀tù ń yí wọ̀, á lọ, ọ́ìlì á wá máa jò títí ayé. Ọ̀gá ẹ̀ bá dé, ó ní, “Àǹtí, ẹ lọ jókòó jàre, iṣẹ́ wa nìyí.” Kò tiẹ̀ wò mí lójú. Ó fi gíríìpù mú un, ó fi gbogbo ara tì í, eyín gíríìpù wá họ ìwọ̀nba igun tó ṣẹ́ kù kúrò. Ó dìde, ó ní kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, àfi ká tú gbogbo pánù ọ́ìlì, ká lọ ra tòkunbọ̀ ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò n’Íbàdàn, òun á gba owó iṣẹ́ ẹ̀ lọ́tọ̀, owó gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Nọ́ọ̀tù kékeré kan o! Nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé fíṣà ló ti fẹ́ kí n yọ owó pánù. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mọ́tò wà lórí jáàkì, mi ò lè gbé e lọ síbì kankan, àwọn náà ò sì fẹ́ kí n gba àyè lọ́wọ́ oníbàárà mìíràn.

Bàbá kan tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì bítà ní ṣẹ́ẹ̀dì kejì ló yọ mí. Ó ti ń gbọ́ ariwo wa tipẹ́. Ó wá, ó tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́, ó wò ó, ó ní kí wọ́n da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ omi bíréèkì, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ sídìí nọ́ọ̀tù yẹn, kí gbogbo wa sì lọ jẹun. Nígbà tí a padà dé, ó béèrè sọ́kẹ́ẹ̀tì 13, ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ onígun méjìlá, onígun mẹ́fà lòun fẹ́. Nọ́ọ̀tù 14 ni o, sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 tó kéré jù ú lọ! Ó gbé e lé e, ó fi òòlù kàn án wọlé díẹ̀díẹ̀, kò yára, ó ń gbá a ó ń wò ó, títí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi jẹ mọ́ ara irin yẹn. Ó wá ki páípù gígùn bọ ọwọ́ ẹ̀, ó ní kí ọmọkùnrin yẹn dì í mú. “Má jà á o. Tẹ̀ ẹ́, kó o máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀.” Ó dún “kẹ́ẹ́”, mo rò pé ó ti kán. Ó tún dún, páípù sì rìn. Ó ti gbà!

Ọ́ìlì dúdú kìjikìji bẹ̀rẹ̀ sí í dà, mo pariwo débi pé àwọn tó wà lójú títì yíjú wò wá. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, mo fún un lówó, ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ kó tó gbà á. A fi ọwọ́ tọ́ ojú okùn wò, ó mọ́ tónítóní, kò jẹ rárá. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Gate fúnra mi, mo ra nọ́ọ̀tù tuntun àti wáṣà ẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pánù tí wọ́n fẹ́ kí n san. Èmi ni mo fọwọ́ yí i wọlé, tí mo fi sípánà dè é níwọ̀nba, tí mo dúró wò ó. Kò jo ẹ̀kán kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lọ wo nọ́ọ̀tù yìí lónìí, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ wọ bààlúù.

Ìyókù rọrùn. Mo da omi lásán tó wà nínú rédíètọ̀ nù, mo fi kúláǹtì gidi sí i, torí omi ẹ̀rọ á jẹ irin inú ẹ̀ dípẹtà. Epo ni mo kún dé ẹnu tánkì, lítà 50 ló ń gbà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó epo ti dà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù karùn-ún 2023, ó dùn mí, àmọ́ tánkì tó ṣófo ni omi máa ń gbá jọ sí, ibẹ̀ sì ni fúẹ̀lì pọ́ǹpù wà. Epo tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, mo bá ra oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ epo kó lè pẹ́, mo dà á sí i, mo sì wa mọ́tò yíká àdúgbò kó lè dé gbogbo ibi tí epo ń gbà.

Bátìrì, mo yọ ọ́ kúrò nínú mọ́tò pátápátá. Àlámù àti kọ̀ǹpútà mọ́tò ń fa iná díẹ̀díẹ̀ tọ̀sántòru, kódà tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Sípánà 10, ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Mo gbé e sórí pákó nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Tí ẹ bá ní mítà, 12.6 ni bátìrì tó kún máa ń kà, tó bá ti ń lọ sí 12.4 ẹ tètè ṣájì ẹ̀.

Ẹ má fa háńdìbírékì sókè o! Ohun tó há táyà ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Mo fi jíà sí P, mo fi igi dí ẹsẹ̀ táyà. Mo ní kí wẹ́dà bá mi jó ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, mo gbé mọ́tò lé e níbi tí jáàkì máa ń jókòó sí, kí táyà má baà tẹ̀ sójú kan. Àwọn kan ní kí n lo búlọ́ọ̀kù tí a fi kọ́lé. Mo kọ̀ jálẹ̀, torí búlọ́ọ̀kù lè rún lójijì, ọmọdé sì ń ṣeré nínú ọgbà wa.

Ti eku, mo fi kànìnkànìn onírin dí ẹnu sàléǹsà, mo fi nẹ́ẹ̀tì irin bo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo so káńfọ̀ sínú ọ̀rá tí mo lu, mo gbé e sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mi ò fi sínú mọ́tò torí òórùn ẹ̀ kì í kúrò bọ̀rọ̀. Mo sì bẹ ìyá tó ń gbé lẹ́yìn ilé kó bá wa gbé àpò àgbàdo ẹ̀ kúrò ní kọ́rídọ̀, wọ́n gbà, ọlọ́run á bù kún wọn. Aṣọ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ni mo fi bò ó. Tapólì dára fún òjò, àmọ́ ooru àti omi abẹ́ ẹ̀ ò ní jáde, á sì máa họ ọ̀dà.

Mo kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ sítíárì: ẹ yọ kànìnkànìn nínú sàléǹsà, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ so ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù bátìrì ṣáájú, nẹ́gátíìfù gbẹ̀yìn, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì ná kí ẹ tó sítáàtì. Àbúrò mi béèrè pé ṣé òun ò ní máa wọ́ọ̀mù ẹ̀ rárá ni. Mo ní rárá. Tó bá mọ mọ́tò wà ni, tó lè gbé e dé Mọ́níyà kó tún padà, kí ẹ́ńjìnnì gbóná bó ṣe yẹ, mi ò bá má ṣe wàhálà tó tó báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ ọ́n wà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ṣájì bátìrì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò bóyá eku ti débẹ̀.