Àpò Fíìdì Kì Í Ṣe Ọ̀rá: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Ta Ike Àlòkù ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja àti adìẹ ní Odogunyan, ẹ̀yin ìyá tó ń ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jọ, ohun kan ṣoṣo ló ń mú kí oníbàárà dá ẹrù padà sí yín lọ́rùn: àpò fíìdì tí ẹ ń kó mọ́ ọ̀rá. A ti sọ ọ́ títí, ẹnu ti ń kan wa.

Ẹ̀ ń sọ pé ike kan náà ni, torí pé méjèèjì ló ń léfòó. Lóòótọ́ ni wọ́n ń léfòó. Omi lè bá yín ya ìgò ike sọ́tọ̀, torí ìgò a rì, ìdérí rẹ̀ a léfòó. Kò lè bá yín ya àpò fíìdì. Ẹ fi ojú àti ọwọ́ yà á: híhun ni àpò fíìdì. Ẹ tún wo nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta, níbi tó bá wà: ìgò 1, kẹ́ẹ̀gì 2, ọ̀rá 4, àpò fíìdì 5.

Ọ̀rá á ti yọ́ kí iná tó dé 130°C. Polypropylene tí wọ́n fi hun àpò fíìdì ń dúró de nǹkan bí 160°C. Kódà bí ẹ gbé e dé 200°C tí méjèèjì yọ́ pátá, wọn ò ní wọra. Ọ̀kan á ṣe róbótó-róbótó sínú èkejì bí epo nínú omi. Fọ́nrán gígùn tín-ín-rín ni ike, ti ọ̀kan kì í sì í di ti èkejì mú. Ẹ ṣẹ́ pákó ike bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá tutù: á kán pàì, ojú ibi tó ti kán á máa bó ní abala abala. Ta ni yóò fowó rà á?

Àwọn ilé iṣẹ́ ní èròjà tó ń so irú wọn pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ kìlò 2 sí 5 nínú 100. Kì í ṣe kẹrosíìnì o! Ẹni tó ní kí ẹ bu kẹrosíìnì sí i, iná ló fẹ́ kó bá yín.

Ẹ gbé àpò 3 kalẹ̀: ọ̀rá nìkan, àpò fíìdì nìkan, ìyókù. Àpò fíìdì tó bá ní ọ̀rá nínú, ẹ fa ọ̀rá náà yọ. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, àpò kẹta ni kó lọ. Ẹ gbọn fíìdì kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ.

Àjákù páìpù PVC, ì báà ṣe ẹyọ kan, kò gbọdọ̀ wọ inú àpò kankan. Bí iná bá rà á, ásíìdì tó ń jẹ irin ẹ̀rọ, tó sì ń ta ọ̀fun, ló ń tú jáde. Ẹ má sì yọ́ ike kankan nínú ìkòkò ilé.