Bí a ṣe ń fi ohun tójú wa rí kọ ìtàn àròsọ kúkúrú

Ìwọ tí o fẹ́ fi ohun tójú rẹ rí kọ ìtàn, má bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn ọ́ jù. Ẹkún ló máa ń tibẹ̀ jáde, ìtàn kọ́. Iṣẹ́ tọ́wọ́ rẹ mọ̀ ni kí o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Gàrí ni tèmi. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìyá àgbà ti tọ́ mi, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ la ti ń yan án. Mo mọ bí a ṣe ń gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ rírin kí omi rẹ̀ lè ṣàn jáde, tí a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa, torí bí kò bá kan, kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú. Mo mọ bí omi náà ṣe ń rùn mọ́ aṣọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ lẹni tó ń yan gàrí máa ń jókòó sí, kí èéfín má baà kó sí i lójú, tí á máa fi àfọ́kù igbá tẹ gàrí mọ́ agbada, tí á tún máa tú u ká. Kọ irú èyí kún ojú ìwé. Má tíì wá ìtàn.

Lẹ́yìn náà, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara rẹ, gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ẹni tí ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ. Nínú ìtàn mi, ìyàwó tuntun kan ló ń yan gàrí. Èkó lọkọ rẹ̀ wà, ìyá ọkọ ló sì ń gba gbogbo owó tí wọ́n bá pa. N kò kọ ọ́ pé inú ń bí i. Ohun tí mo kọ ni pé: “Iná ti pọ̀ jù, ó sì mọ̀. Ó tún ki igi kan bọ̀ ọ́.” Ẹni tó bá ti yan gàrí rí á mọ ohun tó ṣe, ẹni tí kò yan án rí náà á fura.

Ìbínú yẹn, tèmi ni. Lẹ́yìn tí a sin ìyá àgbà, wọ́n pín ilẹ̀ láìpe ìyá mi sí i. Ṣùgbọ́n kò sí òkú nínú ìtàn yẹn, kò sí ilẹ̀. Ìbínú nìkan ni kí o mú, fi ẹjọ́ sílẹ̀ nílé, àgàgà bí àwọn tọ́rọ̀ kàn bá ṣì wà láyé. N kò rí i pé ó tọ́ ká máa fi ìtàn gbẹ̀san.

Ìtàn kúkúrú kò láyè púpọ̀. Bí o bá fẹ́ kọ nípa Ojúde Ọba, tó máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, fi ẹṣin àti ìlù sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Obìnrin tó ń wé gèlè ẹgbẹ́ tí kò tíì san owó rẹ̀ tán, tí akápò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, sì jókòó sítòsí rẹ̀, ìyẹn ti tó.

Kí o tó parí rẹ̀, kà á sókè sétí ẹni tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Àǹtí mi tó ṣì ń yan gàrí gbọ́ tèmi, ó ní, “Ta ló wá tẹ́ gàrí náà kó tutù kí wọ́n tó kó o sápò?” Ìbéèrè yẹn ló bí àbúrò ọkọ, ọmọdébìnrin tó rí gàrí tó jóná, tó sì dà á mọ́ èyí tó dára kí ìyá rẹ̀ tó tọjà dé. Láti ojú ọmọ yẹn ni mo wá tún gbogbo ìtàn náà kọ.